Eélòó Ni? Ẹ Wọ DM

Ní ọjà Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ìyá kan mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́wọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Eélòó ni, ọmọ mi?" Ọmọkùnrin tó ni ìsọ̀ kò gbójú kúrò lórí fóònù. "Ẹ bá wa wọ DM, mà. DM la ti ń sọ iye." Ìyá wo aṣọ, ó wo ọmọ tó jókòó síwájú rẹ̀ gbọnrangandan, ó rọra gbé aṣọ sílẹ̀, ó yà sí ìsọ̀ kejì.

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, òwò tí a kò bá polówó kì í lókun. Àwọn tó pa òwe yìí kò mọ̀ pé a óò bí ẹni tí yóò máa mu àgúnmu láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, tí yóò sì gbàgbé láti jẹun.

Nítorí ọmọ yìí ń polówó o! Ojúewé Instagram rẹ̀ ń hó yaya. Lónìí ó ń jó níwájú aṣọ, lọ́la ó ń pe ara rẹ̀ ní CEO, CEO ìsọ̀ tí kò gba àga méjì. Ó ti fowó ra followers ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn ẹni tí kò lórí tí wọn yóò fi wé gèlè, tí kò nídìí tí wọn yóò fi ró ìró. Bí ẹlẹ́ran ara kan bá ṣèèṣì béèrè iye lábẹ́ àwòrán, "Check DM" ni èsì. Ọjọ́ kẹta ni DM ọ̀hún ń dé, "Hello dear" nìkan ló sì ń wà nínú rẹ̀. Kí iye tó yọjú, wọ́n ti ṣe ìnáwó tán.

Mo bi àwọn ọlọ́jà irú rẹ̀ léèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi iye ọjà pamọ́. Ọ̀kan ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun má baà rí i ni. Òmíràn jẹ́wọ́ (mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀) pé òun a kọ́kọ́ wo fọ́tò oníbàárà: bó bá dúró ti mọ́tò, iye á gòkè. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2018, sì sọ pé kí ẹni tó pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn. Àmọ́ kí la fẹ́ fi òfin ṣe? Ọmọdé tó ń kiri ẹ̀pà kì í sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó dá ọ lóhùn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé aṣọ ọmọ náà dára. Lẹ́yìn ìsọ̀ níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, láìfi rúlà wọn ìlà kankan. Bí wọ́n bá rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní mu aró. Bí wọ́n bá ha á kúrò, ọnà á yọ. Bẹ́ẹ̀, ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà kún Ìtòkú bámúbámú. Nínú fọ́tò, ta ló fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ọwọ́ ìyá yẹn nìkan ni ẹ̀rọ kò ní, kò sì sí ẹni tó ya fídíò rẹ̀ rí.

Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fi ijó sílẹ̀. Kọjú fóònù sí ìyẹ́ adìyẹ yẹn, kí o sì kọ iye aṣọ sábẹ́ rẹ̀ ní náírà.