Ẹnjiníà Wáyà

Láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n, kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Iṣẹ́ tó kọ́ lè jẹ́ télọ̀, ó lè jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó wa kùsà ní Ìjerò títí tí kò rí ju ẹrẹ̀ lọ. A kì í bi í. Ẹnjiníà là ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé páálí tẹlifíṣàn wọlé láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti gbọ́. Kí wọ́n tó gún iyán alẹ́, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é.

"Ẹ kúulé o, Màmá. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ rántí ilé."

Àwọn ọmọ rántí ilé lóòótọ́. Kérésì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Èyí tó wà l'Ékòó ra tẹlifíṣàn tó fẹ̀ ju fèrèsé lọ, èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sanwó hómù tíátà: sípíkà kéékèèké márùn-ún pẹ̀lú wúfà kan tó gba ọmọkùnrin méjì kó tó kọjá àbáwọlé. Dikódà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ku kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ ara wọn. Bàbá ti gbé àga síwájú pátápátá, ó ti wọ fìlà.

Ẹnjiníà jókòó, ó mu omi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò. Babaláwo kì í fara balẹ̀ tú àpò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́sítà tí iná inú rẹ̀ ti kú, bíléèdì ìfárùngbọ̀n, sélótéèpù dúdú, ìdì wáyà olórí mẹ́ta tí pupa, funfun àti yẹ́lò inú rẹ̀ ti lọ́ mọ́ ara wọn, àti rìmóòtù bíi mélòó kan tí kò sẹ́ni tó mọ ilé tí tẹlifíṣàn wọn wà. Wáyà tuntun wà nínú páálí, nínú ọ̀rá, kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní ti Ṣáínà ni, kò lè tọ́jọ́. Ibi tí wọ́n ti ṣe tirẹ̀ náà, a kì í bi í.

Ìwé kékeré kan wà nínú páálí pẹ̀lú. Ẹnjiníà ṣí i, ojú ewé tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní, "Ìwé kì í kọ́ni níṣẹ́." Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lé e kí ṣòkòtò rẹ̀ má baà dọ̀tí.

Ohun tó kúnlẹ̀ lé lórí yẹn kò le rárá. Àwòrán ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wáyà HDMI kan á ti ara dikódà bọ́ sára tẹlifíṣàn. Òmíràn á ti ihò tí wọ́n kọ ARC sí lára tẹlifíṣàn bọ́ sára hómù tíátà. Láti 2009 ni wọ́n ti fi ìlànà ARC yìí kún HDMI, kí ohùn lè máa ti ara tẹlifíṣàn padà gba inú wáyà kan náà. Lẹ́yìn náà, èèyàn á wọ inú sẹ́tíǹgì tẹlifíṣàn, á sọ fún un pé kó yé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó gbé ohùn fún ẹni tó wà níta. Ó parí. Bí tẹlifíṣàn bá ti pẹ́ díẹ̀ tí kò ní ARC, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí iná pupa ń tàn lẹ́nu rẹ̀, òun náà á ṣe é. Bí ìyẹn náà ò bá sí, pupa àti funfun lára wáyà olórí mẹ́ta ń bẹ, nítorí àwọn méjèèjì ló ń gbé ohùn. Àwòrán ni yẹ́lò ń gbé, kò sí ohun tó ń wá lára sípíkà.

Ẹnjiníà ti ki àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan yẹ́lò, bọ ẹ̀yìn hómù tíátà.

Ti àwọn sípíkà tún rọrùn ju ìyẹn lọ, nítorí àwọn tó ṣe é ti mọ̀ pé irú wa wà láyé. Àwọ̀ ni wọ́n fi ya ẹnu wáyà wọn sọ́tọ̀: funfun fún ọwọ́ òsì, pupa fún ọwọ́ ọ̀tún, àwọ̀ ewé fún àárín, búlúù àti eérú fún àwọn tó máa wà lẹ́yìn olùwòran, elésè àlùkò fún wúfà. Ihò tí wáyà kọ̀ọ̀kan máa wọ̀ sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Ọmọ jẹ́léósinmi á ṣe é lọ ní ìrọ̀rùn. Ẹnjiníà ní wọ́n kàn kùn ún fún ẹwà ni. Ó fi bíléèdì gé ẹnu gbogbo wọn dànù, nítorí ó pọn dandan kó fi wáyà mìíràn kún un kó lè dé ìta gbangba. Eyín ló fi bó ìyókù.

Nínú wáyà sípíkà, okùn méjì ló wà. Ọ̀kan ní ìlà lára, ọ̀kan ò ní. Bí èèyàn bá gbé ti sípíkà kan sódì, ohùn á ṣì máa jáde, kò sẹ́ni tó máa fura. Ṣùgbọ́n nígbà tí sípíkà ọ̀tún bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ti òsì á máa fà á sẹ́yìn, béèsì tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á á sì pòórá sáàárín àwọn méjèèjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Bàbá tẹ́tí, kò gbọ́ "gbì".

"Ẹnjiníà, béèsì dà?"

Ẹnjiníà fi ìka kan ara ògiri, ó gbé etí lé e. "Bàbá, ṣé alámọ̀ ni ilé yìí?"

"Bàbá mi ló kọ́ ọ."

"Mo mọ̀. Ògiri yín ló ń mu béèsì."

Wọ́n bá gbé wúfà lọ sójú fèrèsé, kó kọjú síta, kí ògiri má baà rí i mu. Sípíkà méjì tẹ̀ lé e lọ sí fàráńdà. Bàbá ò jiyàn rárá. Ẹ̀rín ló ń rín.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà ti yàtọ̀ sí ti oníjìbìtì. Ó mọ ohun tí a fẹ́ jù wá lọ. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ń ro ti ẹni tó jókòó sáàárín yàrá, kí ohùn máa ti iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn bá a. Inú gbọ̀ngàn sinimá ni irú rẹ̀ ti wá. Fíìmù Batman Returns, ní 1992, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ohùn Dolby Digital gbé jáde fáyé wò, ètò sípíkà rẹ̀ tó ń jẹ́ márùn-ún àti ọ̀kan ló sì wọ páálí wá bá wa nílé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jókòó sáàárín yàrá lọ́jọ́ Kérésì? Ẹni tó bá ń ti ọ̀nà Ìtawúrẹ́ bọ̀ ni a fẹ́ kó gbọ́. Alájọgbé tí ọmọ tirẹ̀ ò rántí ilé ni a fẹ́ kó gbọ́, kó má sì rí oorun sùn. Ìwé tó wà lábẹ́ orúnkún Ẹnjiníà ò ní ojú ewé fún ìyẹn.

Wọ́n tún tan gbogbo rẹ̀. Nítorí Ẹnjiníà ò wọ inú sẹ́tíǹgì, tẹlifíṣàn ń sọ tirẹ̀, hómù tíátà ń sọ tirẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì bára wọn dọ́gba. Agbóhùnsáfẹ́fẹ́ kí àwọn olùwòran, ìkíni kejì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ta ló ń sín in jẹ?" Màmá ló bèèrè.

"Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní sùráǹdì, Màmá."

Màmá mirí. Owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ jáde, iyán tẹ̀ lé e, ẹran ìgbẹ́ sì wà lórí rẹ̀.

Sípíkà méjì tí wọ́n ní kó wà lẹ́yìn ò dún. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Púpọ̀ nínú eré àti ìròyìn tí à ń wò, ohùn òsì àti ọ̀tún nìkan ló bá a wá, àfi kéèyàn sọ fún ẹ̀rọ pé kó pín in yíká, bọ́tìnnì rẹ̀ sì wà lára rìmóòtù. Ẹnjiníà gbọn ọ̀kan létí, ó ní ó ti jó. Ó ṣàánú ẹnì kejì rẹ̀, ó ní kò dáa kó dá nìkan wà. Ó kó àwọn méjèèjì lọ fún àtúnṣe. Bí ẹ bá dé yàrá Ẹnjiníà lónìí, ẹ ó gbádùn orin.

Kí n má parọ́, ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀ yẹ lẹ́ni àpọ́nlé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, a sì ń fi yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n òkè ò mọ ìyẹn. Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí wọ́n tó yọ Èkìtì jáde ní 1996, àtirí àwòrán láti Àkúrẹ́ nísàlẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n, iṣẹ́ ọkùnrin ni. Wọ́n á so áńténà mọ́ orí ọparun, ẹnì kan á gun òrùlé, á máa yí i.

"Ó ti dé?"

"Kò tíì dé!"

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó dé! Ó tún ti lọ! Padà síbi tó o wà lẹ́ẹ̀kan!"

Ìyẹn gun òrùlé lóòótọ́, òkè sì dí i lọ́wọ́ lóòótọ́. Ẹnjiníà tiwa jogún àwáwí láìjogún òrùlé. Díìṣì DStv tó ń so ń wo sátẹ́láìtì tó wà ní ìwọ̀n 36 níhà ìlà oòrùn, ojú rẹ̀ sì ga kọjá ìdajì ọ̀nà láti ilẹ̀ dé àtàrí. Kò sí òkè ilẹ̀ wa tó lè dé iwájú rẹ̀, àfi bí wọ́n bá so ó mọ́ ìdí àpáta. Síbẹ̀, bí dikódà bá já nítorí pé wọn ò tíì sanwó oṣù, Ẹnjiníà á ní òkè Ẹ̀fọ̀n ni. Ní Ìjerò náà, òkè Ẹ̀fọ̀n ni.

Ibi tí agbára rẹ̀ gan-an wà kò ju bọ́tìnnì kan lọ. Bí iná bá lọ tó sì dé, hómù tíátà á gbàgbé tẹlifíṣàn, á bọ́ sórí rédíò. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì FUNCTION títí yóò fi padà. Ẹnjiníà mọ̀ ọ́n, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó sọ ni pé, "Bí iná bá dé, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pè mí." Ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe ní ilẹ̀ wa. Ajerò ń bẹ ní Ìjerò, Alárá ń bẹ ní Aràmọkọ, Aláayè ń bẹ l'Ẹ́fọ̀n, ṣùgbọ́n ní alẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, Ẹnjiníà ni gbogbo ìlú ń wá.

Ọmọ-ọmọ Màmá kan tó wá lo ìsinmi ló tẹ bọ́tìnnì náà láìbèèrè. Ohùn dé. Ẹnjiníà wọlé bá a, ó dúró, ojú rẹ̀ le. "Ta ló fọwọ́ kàn án?" Wọ́n ní Títí ni. Ó ní kò burú, àmọ́ irú rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ni, bí inú rẹ̀ bá gbóná tán, kí wọ́n má dá òun lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń gba rìmóòtù lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ohun tó ń ba Ẹnjiníà lọ́kàn jẹ́ báyìí ni ìròyìn kan tó gbọ́ láti Aràmọkọ. Wọ́n ní hẹ́dímásítà kan tó ti fẹ̀yìn tì gba sáúńdìbáà: ọ̀pá gbọọrọ kan ṣoṣo, kò ní sípíkà ẹ̀yìn, kò ní ti ẹ̀gbẹ́. Wáyà kan ló wọ̀ ọ́, ohùn sì jáde, kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹnjiníà gun ọ̀kadà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó bá a lóòótọ́ tó ń dún dáadáa. Ó yí i ká, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá, wáyà kan ṣoṣo?"

"Bí wọ́n ṣe gbé e wá nìyẹn."

"Wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Ẹ pa á ná."

Ó kúnlẹ̀, ó tú àpò. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án alẹ́, wáyà mẹ́rin ló wà lára sáúńdìbáà, kò sì dún mọ́. Ẹnjiníà nu òógùn ojú, ó wo hẹ́dímásítà pẹ̀lú àánú. "Ẹ ò rí i? Mo ti mọ̀ pé nǹkan wà tó ń ṣe é."