Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò: Etí Òkun Wo Là Ń Lọ?

Ìsinmi ń bọ̀, gbogbo Ire-Àkárí ló fẹ́ lọ fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn. Lẹ́tà kún ilé mi. Ẹni tó béèrè bóyá omi òkun níyọ̀: ẹ tọ́ ọ wò. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè wọ agbádá lọ: ẹ bi atẹ́gùn. Ó kù, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn oníṣòro.

*Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ gbé ọmọge kan jáde. Landmark ló ní òun fẹ́, owó dáńfó nìkan ló sì wà lọ́wọ́ mi. Olólùfẹ́ Aláìlówó, Ire-Àkárí.*

Àbúrò, orí ẹ ń ṣiṣẹ́. Ọdún 2024 ni wọ́n wó etí òkun Landmark nítorí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Calabar. Fajú ro sọ fún un, kó o wá lọ yọ̀ ní kọ̀rọ̀. Bó bá wá dárúkọ Oníru tàbí Ẹlẹ́gùṣì, mọ̀ pé wàá sanwó ẹnu ọ̀nà, wàá sanwó àga, ẹlẹ́ṣin á ti gbé ọmọge gẹṣin kó o tó yanu, onífọ́tò á sì ti ya ogún kó tó bi yín pé ṣé ẹ fẹ́. Béèrè iye kó o tó fìdí kan àga.

Tèmi nìyí: ẹ wọ kẹ̀kẹ́ dé Cele, ẹ wọ dáńfó dé Mile 2, kí ẹ wá gun ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Marina, ẹ wọkọ̀ ojú omi ní CMS lọ sí etí òkun Tarkwa Bay. Ilẹ̀, irin, omi, lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ọmọ olówó ló máa pè ẹ́. Àmọ́ ra káàdì Cowry tẹ́ ẹ máa fi sanwó ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀; ọkùnrin tó bá tọrọ káàdì lọ́wọ́ ọmọge ti sọ ìyàwó nù. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì á ba wíìgì ẹ̀ jẹ́. Sọ pé ìgbà yẹn gan-an ló rẹwà jù.

*Ẹ̀yin ọmọ yìí, níbo lẹ gbé Bar Beach wa sí? Bàbá Àgbà, Òkòtà.*

Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Ìlú tuntun Eko Atlantic ti jókòó lé e lórí. Kó tó dìgbà yẹn, òkun ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: ògiri òkúta tí àwọn òyìnbó amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí tò sí ẹnu ọ̀sà ní ọdún 1908, kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé, ló dínà mọ́ iyanrìn tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀. Iyanrìn kó jọ sí ìhà etí òkun Lighthouse, Bar Beach ń rù. Àbí ọdún 1971 lẹ ń ṣàárò, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Oyenusi adigunjalè níbẹ̀ tí èrò ń wòran bí ẹni wo bọ́ọ̀lù? Bàbá, ẹ le o.

*Ọmọ mi fẹ́ parí WAEC. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ lọ ṣàjọyọ̀ ní etí òkun. Kò mọ̀wẹ̀. Ó ní ayé àtijọ́ ni mò ń gbé. Ìyá Ọlọ́mọ Kan, Ìsọlọ̀.*

Ìyá, ẹ̀rù yín tọ́. Oṣù kẹfà ni wọ́n sábà máa ń parí WAEC, ìgbà òjò, tí òkun ń ru jù. Ní Ẹlẹ́gùṣì àti Oníru, bí ìgbì bá fọ́ tán, omi rẹ̀ á wá ojú ibì kan gbà padà sínú agbami, agbára rẹ̀ sì ju ti òmùwẹ̀ lọ. Ibi tó dà bíi pé ó pa rọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì lọmọ máa ń sá sí, ibẹ̀ gan-an ló ń fà. Ọmọ iléèwé tó ti bá irú àjọyọ̀ yìí lọ ní Èkó kì í ṣe ẹyọ kan.

Bí ẹ bá ní kó má lọ, á yọ́ lọ. Ẹ ní kí wọ́n lọ sí Tarkwa Bay, níbi tí ògiri òkúta ẹnu ọ̀sà yẹn ti ń gba ìgbì dúró, kí àgbà kan tẹ̀ lé wọn, kẹ́ ẹ tiẹ̀ sanwó ọkọ̀ fún un. Kí ọmọ yín má wọ omi kọjá orúnkún. Bí omi bá fà á, kó má bá a jà: kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó léfòó, kó nawọ́ sókè, kó kígbe. Òmùwẹ̀ ni kó máa wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, títí omi á fi jọ̀wọ́ ẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó bá rí i kò gbọdọ̀ bẹ́ tọ̀ ọ́. Jẹ́rìkánì òfìfo ni kó jù sí i, kó sáré pe ẹ̀ṣọ́ omi. Ẹ jẹ́ kó kà á fún yín sétígbọ̀ọ́ kó tó jáde nílé.

*Ọkọ mi ní àdúrà òru lòun ń lọ ṣe ní Ilashe lọ́jọ́ Ẹtì. Àsun ló máa ń rùn bọ̀. Ìyàwó Olóòótọ́, Èjìgbò.*

Ìyàwó wa, ta ló mọ̀, àsun lè jẹ́ ọrẹ ọpẹ́. Ilashe tí àwọn olówó kọ́lé fàájì sí, àdúrà ò lè ṣàì gbà níbẹ̀. Má bá a jà. Ra sùtánà funfun, agogo àti àbẹ́là. Lọ́jọ́ Ẹtì, dúró dè é ní jẹ́tì láìwọ bàtà. Ní ẹ̀mí ló rán ẹ. Máa lu agogo nínú ọkọ̀. Bó bá ní inú ń run òun, kẹ́ ẹ padà, àdúrà ti gbà nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀, tẹ́ ẹ bá wòlíì obìnrin kan nínú aṣọ ìwẹ̀, fún un ní àbẹ́là tiẹ̀, kó o sì ní kó gbé orin.