Iná Orí Òrùlé

A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn. Ó dá mi lójú pé ẹni tó pa òwe yìí kò tíì rí páànù. Abẹ́ bẹẹrẹ ló ń sùn, koríko tí wọ́n fi ń bo ààfin Ọ̀yọ́.

Àbúrò mi kan ṣílé láìpẹ́ yìí nínú agbo ilé wa. Ó nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, 0.55 ni o!" Bí páànù alumíníọ́mù rẹ̀ ṣe nípọn tó, ní mílímítà, ló ń wí. A pàtẹ́wọ́. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, òógùn ti lẹ agbádá mọ́ wa lára.

Ará Faransé kan, Joseph Fourier, ti ṣe ìṣirò ọ̀ràn yìí sínú ìwé lọ́dún 1822: bí nǹkan bá ṣe nípọn tó ni ooru tó ń là á kọjá ṣe ń dín kù, ìyókù dọwọ́ irú ohun tó jẹ́. (Wọ́n ní ooru wu Fourier fúnra rẹ̀ débi pé aṣọ nípọnnípọn ló ń wé mọ́ra nínú yàrá gbígbóná. Irú ẹni tó yẹ kí àbúrò mi fi yàrá háyà fún nìyẹn.)

Ẹni tó ń ro àmàlà kò nílò ìwé. Omorogùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbin. Kó fi ṣíbí alumíníọ́mù dán an wò, ẹ ó gbọ́ igbe. Lórí òṣùwọ̀n àwọn onímọ̀, agbára alumíníọ́mù láti gbé ooru kọjá tó nǹkan bí 237. Ti koríko òrùlé jẹ́ nǹkan bí 0.07, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò. Kí alumíníọ́mù tó lè dí ooru lọ́nà bíi bẹẹrẹ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 20, yóò nípọn tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kìlómítà. Òkè Olúmọ kò ga tó yẹn, àbúrò mi sì ń fi 0.55 yangàn.

N ò ní ká padà sí koríko o. Iná gidi ń jó o. Àjà tó dára, tí a tẹ́ nǹkan fífúyẹ́ sórí rẹ̀, ì bá ti ṣe é. Ṣùgbọ́n owó àjà ló fi ra amúlétutù, ẹ̀rọ tó ń kó ooru yàrá jáde, tó ń fẹ́ ẹ sí ìyá wa lójú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Aago mẹ́ta, iná lọ. A wá onílé títí. Inú ilé ìdáná ìyá wa la ti bá a, ilé amọ̀ olórùlé koríko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí ẹyin iná ṣì ń pọ́n yòò nínú rẹ̀, ó ń hanrun.