Òkun Tí Mo Lọ Wò Tí N Kò Rí

Àwọn baba wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ohun kan wà tí wọn kò fi kún un, torí wọn kò rò pé ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́ àfikún: pé ẹni tó bá dé ibẹ̀ yóò la ojú rẹ̀ wò ó. Ta ni ìbá rò ó? Èèyàn á jókòó sínú ọkọ̀ láti òwúrọ̀, á gba inú kòtò dé inú gegele, á san owó ọkọ̀ ojú omi, á wá dé etí òkun tán, á di ojú kan, á ki ìkejì bọ inú ihò tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Èmi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni, lásìkò ọdún Àjíǹde, nínú oṣù kẹrin, nígbà tí mo kó ìdílé mi lọ sí Àgbádárìgì fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá bi mí ní ohun tí mo rí níbẹ̀, màá ní kí ẹ lọ bi ìyá mi.

Tòkunbọ̀ ni kámẹ́rà náà. Mo rà á n'Ìkẹjà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó búra pé ìyá arúgbó kan ní Jámánì ló ń lò ó, ọjọ́ Ìsinmi nìkan. (Gbogbo tòkunbọ̀ tí mo ti rà láyé mi, ìyá arúgbó yìí kan náà ló lò ó tẹ́lẹ̀. Òun ló wa ọkọ̀ mi, òun ló lo fíríìjì wa. Á ti rẹ ìyá náà o.) Ìyàwó mi wò ó, ó ní, “Bàbá Tòmíwá, ṣebí fóònù yín ń ya fọ́tò?” Mo rẹ́rìn-ín ẹni tó ti mọ̀wé. Mo ti wo fídíò mẹ́rìnlá lórí YouTube. Ojú mi ti là.

Lórí kámẹ́rà náà, bọ́tìnnì roboto kan wà tí èèyàn ń yí. Ibì kan lára rẹ̀ ní àwọ̀ ewé: bí o bá yí i síbẹ̀, kámẹ́rà yóò ṣe gbogbo ìṣirò fúnra rẹ̀. Ibòmíràn wà tí wọ́n kọ M sí. Fídíò kọ́ mi pé ọ̀lẹ ló ń lo àwọ̀ ewé. Lórí M, ìwọ ni wàá pàṣẹ bí ihò lẹ́ńsì yóò ṣe fẹ̀ tó, bí ilẹ̀kùn inú rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó padé, àti bí ọ̀kánjúwà kámẹ́rà sí ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ISO, yóò ṣe pọ̀ tó. Nọ́ńbà ihò náà tún wá dà bí ọ̀rọ̀ olóṣèlú, ohun tó ń sọ kọ́ ló ń ṣe: bí nọ́ńbà ṣe ń tóbi sí i ni ihò ń kéré sí i. F/16 há gádígádí, f/4 gbòòrò. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kọ́ ọ sórí bí ọmọ ilé kéú.

Ọkọ̀ wa tutù látọ̀nà. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ létí ọ̀sà, tí mo gbé kámẹ́rà jáde, ojú rẹ̀ fọ́. Ooru etí omi pàdé gíláàsì tútù, ó sẹ ìrì sí i lára, gbogbo Àgbádárìgì wá rí bí ìgbà tí èèyàn bojú wo inú ìkòkò ẹ̀kọ tó ń hó. Màmá ti ń ka àwọn ẹyẹ funfun tó bà sórí ọkọ̀ ojú omi fún Àánú, ọmọ mi kékeré. Èmi ń fi etí bùbá nu lẹ́ńsì. Fídíò karùn-ún ti kìlọ̀ gidi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi aṣọ nu lẹ́ńsì.

Ọkùnrin tó ń mú wa kiri ìlú mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì parí lọ́dún 1845 hàn wá. Ó mú wa dé àgbàlá Sẹ̀ríkí Abass, ẹni tí wọ́n tà lẹ́rú nígbà èwe rẹ̀, tó dé Bràsíìlì, tó padà wálé, tó sì di oníṣòwò ẹrú fúnra rẹ̀. Ó ní yàrá 40 ló wà níbẹ̀, èèyàn 40 ni wọ́n sì ń rọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó dé. Lẹ́yìn náà ló kan agboòrùn. Ó ní agboòrùn kan ṣoṣo, ẹrú 40 ni wọ́n ń fi pààrọ̀ rẹ̀. Màmá káwọ́ lérí. Tòmíwá, ọmọ ọdún méjìlá tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, dákẹ́. Èmi ní tèmi ń bá ISO jìjàkadì, torí inú yàrá náà ṣókùnkùn, ọkùnrin náà sì dúró sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sọ́wọ́ òsì díẹ̀, ẹ ti wọ inú fọ́tò.” Ó sún, ó ń bá ìtàn rẹ̀ lọ. Fọ́tò agboòrùn náà ń bẹ lọ́wọ́ mi títí di òní, ó mọ́ kedere. Nígbà tí a délé tí mo bi Tòmíwá pé agboòrùn ta ni, ó wò mí bí ẹni ń wo àlejò tó ṣìlé.

A wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sọdá ọ̀sà sí Gberefu. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni, nínú yanrìn, lójú ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà. Kànga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní wọ́n ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Níparí ọ̀nà náà ni òpó méjì wà, tí òkun wà lẹ́yìn wọn, Ojú Ọ̀nà Àrèmábọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìmọ́lẹ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo to ìdílé mi sábẹ́ òpó, mo fà sẹ́yìn, mo pariwo pé, “Ẹ rẹ́rìn-ín!” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo tún pariwo. Màmá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Àkànní, ibi tí wọ́n ti kó ọmọ ọlọ́mọ lọ nìyí.” Mo dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan láti fi ọ̀wọ̀ hàn, mo sì lo ìṣẹ́jú náà láti wo iye bátìrì tó kù.

Kì í ṣe èmi nìkan o. Lẹ́yìn wa, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin mẹ́rin dé nínú aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n fò sókè kí fọ́tò lè bá wọn lójú afẹ́fẹ́. Wọ́n wò ó, kò dùn mọ́ wọn, wọ́n tún fò. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí àwọn tó gba ibẹ̀ lọ bá ń gbọ́, wọn á ti máa béèrè ohun tí a fún àwọn ọmọ yìí mu nínú kànga.

Fọ́tò tí mo yà níbẹ̀ nìyí: òkun mọ́, òpó mọ́, ìdílé mi dúdú bí èédú. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí mo fi owó ra nínú ìrìn náà ni mo rà síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ta yín lọ́fẹ̀ẹ́. Kámẹ́rà kò mọ èèyàn. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n, ó sì gbà pé àwọ̀ eérú ló yẹ kí gbogbo ayé jẹ́. Bí yanrìn àti òkun bá ń kọ mànà lẹ́yìn èèyàn, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù títí yanrìn á fi di eérú. Ẹni tó dúró síwájú, tí Ọlọ́run ti dá ní dúdú tẹ́lẹ̀, á wá di òjìji. Kí èèyàn yí àwọn tó ń yà padà kí oòrùn bá wọn lójú, ọ̀rọ̀ parí. Èmi tí mo wà lórí M, mo ní àṣẹ láti ṣe ohun tó wù mí. Ohun tó wù mí ni pé kí n máa tẹ̀ lé abẹ́rẹ́ kékeré inú kámẹ́rà.

Ẹ wo fọ́tò àwọn bàbá wa lára ògiri: àga, agbádá tó tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ojú tó kọ sí ẹni tó ń wò ó. Fọ́tógíráfà ìgbà náà mọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, èyí tó kù ni yóò yà lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ̀ wọ́n sórí bébà kan kí àwọn méjèèjì lè jọ jókòó. Bí èyí tó lọ bá jẹ́ obìnrin tí èyí tó kù jẹ́ ọkùnrin, á wọ aṣọ obìnrin fún un, á tún un yà. Fídíò wo ló kọ́ ọ? Ẹ sì gbé Pierre Verger yẹ̀ wò, ọmọ Faransé tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin Bàhíà àti ilẹ̀ wa, tó di babaláwo ní Kétu tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Fátúmbí. Nígbà tó kú lọ́dún 1996, nẹ́gátíìfù bí 62,000 ló fi sílẹ̀. Rolleiflex ló ń lò. Àyà ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ sí, wọ́n á tẹ orí ba wò ó láti òkè, kò sì ní bo ojú ẹni tó gbé e. Ẹni tí wọ́n ń yà ń rí ẹni tó ń yà á. Tèmi bò mí láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ mi ti ń pè mí ní egúngún.

Ọjọ́ kejì náà ni àwọn apẹja Ègùn fa àwọ̀n wálẹ̀. Ó lé ní ogún ọkùnrin tó so mọ́ okùn, orin lẹ́nu wọn, ẹsẹ̀ wọn rì sínú yanrìn. Màmá dìde lórí ẹní, ó lọ di okùn mú. Ìyá mi, ẹni ọdún 74! Wọ́n ṣe sàdáńkátà fún un, wọ́n fa àwọ̀n títí ó fi gúnlẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹja méjì. Wọ́n sọ èyí fún mi ni. Lákòókò náà, mo dojú bolẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kan, mo ń ya èèpo àgbọn. Fídíò kẹsàn-án ló ní kí a pín fọ́tò sí mẹ́ta lóròó, mẹ́ta níbùú, kí a má sì fi ohun tí a ń yà sí àárín. Mo ti ń ti èèpo àgbọn náà láti ìlà kan bọ́ sí òmíràn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Alákàn kan yọ láti inú ihò rẹ̀, ó na ojú méjèèjì sókè bí ìka, ó wo òkun, ó sáré padà wọlé. Ó yẹ kí n bi ara mi léèrè ohun tó rí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Èmi ti di ojú kan, mo sì ti yá Nikon ní ìkejì.

Ìgbì náà kò kan ilẹ̀kùn. Mo gbé kámẹ́rà sókè bí ẹni gbé ọmọ tuntun yọ nínú omi, mo jẹ́ kí fóònù, owó àpò àti bàtà wábi gbà. Kámẹ́rà yè é, àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí mo bá yí lẹ́ńsì rẹ̀, ó ń dún bí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gúsí. Ìyàwó mi gbé aṣọ ìnura wá. Ó ní, “Ẹ má bínú sí i. Tòkunbọ̀ ni, ilé ló fẹ́ padà sí.”

Mo ti fi gbogbo ìrètí mi sí ìrọ̀lẹ́. Mo ti rí fọ́tò náà lórí Instagram: oòrùn pupa bí epo, ó ń rì sínú òkun, ojú ọ̀nà wúrà láti abẹ́ rẹ̀ dé etí omi. Mo gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo kọjú sí òkun, mo dúró. Wọ́n ní kí n wá jẹun, wọ́n ti yan ẹja Màmá. Mo ní ó di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Òkun ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, n kò rí oòrùn kankan. Ọmọkùnrin kan tó ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ wò mí títí, ó ní, “Dádì, kí lẹ ń dúró dè?” Mo ní oòrùn ni. Ó nàka kọjá èjìká ọ̀tún mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Láàrin igi àgbọn, lọ́nà Sèmè, ó ku bí èékánná kí ó wọ̀ tán.

Gúúsù ni etí òkun wa kọjú sí. Kalifọ́níà ni wọ́n ti ya fọ́tò tí mo rí yẹn, níbi tí òkun wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Nínú oṣù kẹrin, orí ilẹ̀ ni oòrùn ti wa ń wọ̀ sí ní Àgbádárìgì. Ọmọ tó ń gbọ́n omi mọ̀ ọ́n láìwo fídíò kankan. Kí n tó yí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí n tó fẹ ihò, kí n tó tún fún un pọ̀, oòrùn ti lọ. Ẹja náà ti lọ pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ máa bọ̀, oníwéè-án-gẹ́ kan kọjá, kámẹ́rà rẹ̀ ti họ lára, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré sì wà nínú báàgì tó gbé kọ́rùn. Wọ́n pè mí. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, ìgbì ńlá kan ni mo ń dúró dè. Ọmọkùnrin náà wo Màmá lẹ́ẹ̀kan, ó wo oòrùn lẹ́ẹ̀kan, ó yí àga rẹ̀ díẹ̀, ó ní kí ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó to àwọn yòókù yí i ká, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ wọn, fọ́tò ti jáde, Màmá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo yọjú wo kámẹ́rà ọmọkùnrin náà. Àwọ̀ ewé ló wà.

Fọ́tò 1,143 ni mo kó délé. Èèpo àgbọn nìkan jẹ́ 61. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí wa, Màmá ló jókòó tó ń sọ ọ́: àwọn ẹyẹ, agboòrùn, okùn àwọ̀n, bí ẹja ṣe ń fò nínú yanrìn. Èmi náà jókòó láàrin àwọn tó ń gbọ́ ìròyìn, mo gbé kámẹ́rà lé itan, mo ń pa àwọn fọ́tò tí kò dára rẹ́, ẹnu sì ń yà mí bíi ti àwọn tí kò lọ. Àwọn baba wa mọ ìròyìn, wọ́n mọ àfojúbà; àfilẹ́ńsìbà ni wọn kò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mú fọ́tò oníwéè-án-gẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó wò ó lọ wò ó bọ̀. Ó ní, “Màmá, Àkànní ńkọ́? Àbí kò bá yín lọ ni?”

Màmá ń bó gúrúdì nínú ọ̀rá, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ó lọ o. Kò tíì dé ni.”