Ta Ló Mí Síbí?

Bí ẹnì kan bá só nínú ìpàdé, kò sẹ́ni tó ń wá ẹ̀rọ. Imú gbogbo ilé ti dájọ́ kí onítọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Wàhálà tó wà lára fáírọ́ọ̀sì ni pé kì í rùn. Ẹni tó gbé Kòrónà wọlé lè da lọ́fínńdà olówó ńlá sára, kó máa rẹ́rìn-ín, kó máa dì mọ́ tọmọdé tàgbà, kó sì máa mí àìsàn sí wọn lójú bó ti ń kí wọn. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tí mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú ilé onílé ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n ń tú wò. Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ò ṣáà lè ní ẹ̀fẹ̀ mi ń rùn.

Ẹ bá mi kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Milton ní Yunifásítì Maryland, l'Amẹ́ríkà. Bàbá yìí ní ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Gesundheit, ohun táwọn ará Jámánì fi ń kí ẹni tó bá sín. Àrọ ràgàjì kan ló wà níwájú ẹ̀rọ ọ̀hún. Bí fúlúù bá gbé ọ dè, tí gbogbo eegun ń ro ọ́, Bàbá Milton ò ní ní kó o lọ dùbúlẹ̀. Wọ́n á ní kó o wá jókòó, kó o ki orí bọnú àrọ, kó o máa mí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láàárín rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n á ní kó o ka ábídí. Àgbàlagbà tó ti gboyè, ibà ń mú un, imú ń dà, ó ń ka ábídí sínú àrọ!

Àmọ́ ẹ wo ohun tí àrọ yẹn mú wá. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, èémí 23 wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó mí in kò wúkọ́ rárá ní gbogbo àsìkò tó fi jókòó. Wọ́n bá fáírọ́ọ̀sì nínú 11. Nínú 11 yìí, èyí tó wà nínú 8 ṣì lè ran ẹlòmíràn. Kò wúkọ́, ó kàn mí ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wúkọ́ sí ìgbọ̀nwọ́ tìwà-tìwà, tẹ́ ẹ wá ń fẹnu kan etí ẹni ẹlẹ́ni láti ṣòfófó, ẹ kú iṣẹ́ o.

Kì í kúkú ṣe òní lẹjọ́ yìí ti wà nílẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Richard Riley àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹmọ́ òyìnbó, àwọn tí kò nírù yẹn, sí yàrá kan lókè téńté ilé ìwòsàn àwọn sójà-fẹ̀yìntì ní Baltimore. Wọ́n wá fi páìpù fa afẹ́fẹ́ wọ́ọ̀dù àwọn oníkọ́-ife láti ìsàlẹ̀ lọ bá wọn. Ẹmọ́ ò mọ aláìsàn, aláìsàn ò mọ ẹmọ́. Wọn ò bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn ò jọ jẹun. Síbẹ̀ ẹmọ́ ń kó ikọ́ ife. Ẹgbẹ́ ẹmọ́ kejì, tí wọ́n kọ́kọ́ tan iná ultraviolet sí afẹ́fẹ́ tiwọn kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sí ìkankan nínú wọn tó kó o. Lóòótọ́, bakitéríà ló ń fa ikọ́ ife, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró ń gbà ò yàtọ̀. Ẹmọ́ jẹ́rìí tán, wọn ò tilẹ̀ fún un lówó ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí 2020. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba orí Twitter lọ, wọ́n ní òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé: Kòrónà KÌ Í gba afẹ́fẹ́ ràn. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ "kì í" yẹn, kó má baà sẹ́ni tó máa ṣì í kà. Nígbà tó di oṣù Keje, Lidia Morawska àti Milton alárọ yìí kọ̀wé síta pé ẹ dákun, afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń bá jà o. Onímọ̀ 239 ló tì wọ́n lẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni àjọ náà ń gbà, bí ọmọ tí wọ́n ń fún lágbo. Oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n tó gbé ìwé jáde lórí orúkọ tí gbogbo ayé á jọ máa pe ohun tí a ń mí síta yìí. Ọjọ́ kẹjọ la máa ń sọmọ lórúkọ níbi. Èyí gba ọdún mẹ́rin.

Ẹ̀rọ kan tó ń wá Kòrónà nínú afẹ́fẹ́ ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ. Ó jáde ní oṣù Keje 2023, láti Yunifásítì Washington tó wà ní St. Louis. Rajan Chakrabarty, tó mọ tinú-tẹ̀yìn eruku inú afẹ́fẹ́, àti John Cirrito, tó ń wádìí ọpọlọ, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ṣe é. Kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ṣùgbọ́n lítà 1,000 afẹ́fẹ́ ló ń fà sínú níṣẹ̀ẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún á máa yí bírí nínú rẹ̀, á máa gbá ara ògiri tó tutù fún omi, fáírọ́ọ̀sì á sì há sínú omi. Omi yẹn ni ẹ̀rọ á gbé yẹ̀ wò. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹjọ́ ti parí.

Kí ló wá ń dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀ nínú omi? Irinṣẹ́ tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ fún àìsàn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer ni wọ́n tún ṣe. Wọ́n yọ ohun tó ń dá ìdọ̀tí inú ọpọlọ mọ̀ kúrò, wọ́n fi ọmọ ogun ara tín-ńtín rọ́pò rẹ̀, irú èyí tó ń wá láti ara llama. Bó bá ti rọ̀ mọ́ ẹ̀gún ara Kòrónà, iná mànàmáná tó ń gba ibẹ̀ kọjá á fi tó wọn létí. Llama ni mo wí, mọ̀lẹ́bí ràkúnmí tó wà lórí òkè Gúúsù Amẹ́ríkà! Ẹranko tó jẹ́ pé bínú bá bí i, itọ́ ló ń tu síni lójú, òun ni wọ́n wá gbà síṣẹ́ kó máa mú àwọn tó ń da itọ́ síta.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ yìí wọ yàrá ibùsùn àwọn méjì tí Kòrónà ń ṣe, ó sì rí i. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wà lóòótọ́, bíi 77 sí 83 ló máa rí. Ó dáa, mo gbóríyìn fún un. Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Dẹ́síbẹ̀lì 75 sí 80. Orí ń fọ́ aláìsàn, ẹ̀rọ ń bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àwa tá a ti ń sùn ti jẹnẹrétọ̀ láti kékeré nìkan la lè bá a gbélé. Lẹ́yìn gbogbo owó, gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n, àti llama, ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe bí iná rẹ̀ bá tàn ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa lọ kó máa bọ̀ dáadáa. Ìyá ìyá mi ì bá ti ní kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé, kò ní gba kọ́bọ̀.

Àléébù tó ga jù ni pé ẹ̀rọ ọ̀hún mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì wà nílé, kò mọ ẹni tó gbé e wá. Ẹ fojú inú wò ó níbi ìdána. Wọ́n ti ti fèrèsé nítorí AC, alága ìjókòó ń yán, ẹbí ọkọ wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ni iná ẹ̀rọ bá tàn yòò. Ta ló mí síbí? Ẹbí ìyàwó ń wo ẹbí ọkọ, ẹbí ọkọ ń wo onílù. Bàbá kan ní kọ̀rọ̀ kàn rọra wúkọ́ wúyẹ́, gbogbo ojú bá rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, atare ló há mi lọ́fun."

"Atare wo, bàbá? A ò tíì tú ẹrù ìdána."