Ojú Kì í Ti Lọ́yà Mọ́

N kì í ṣe òfófó. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní Ikate Elegushi ló mọ̀ pé bí mo bá rí nǹkan, ṣe ni mo máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ nǹkan wà tó ju kéèyàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, bélífù kóòtù kan wá lẹ ìwé mọ́ géètì ilé kan lẹ́yìn òpópónà Kusenla. Ó da gọ́ọ̀mù sí i bí ìgbà tí wọ́n ń lẹ pósítà ìbò. Onílé náà ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára géètì látọjọ́ pípẹ́ pé ilé yìí kì í ṣe títà, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ l'Ékòó kí àwọn gbájúẹ̀ má bàa tà á mọ́ wa lórí. Ẹ wá wò ó, orí "kì í ṣe" gan-an ni ìwé kóòtù lọ jókòó lé! "Ilé yìí" ló kù lókè, "títà" ló kù nísàlẹ̀. Kó tó di agogo mẹ́sàn-án, ajẹ́ǹtì méjì ti kan géètì, wọ́n ń béèrè pé èló ni.

Ìyá alákàrà ní kí wọ́n ka orúkọ lọ́yà tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà sí òun létí. Wọ́n kà á. Ó gbé ṣíbí epo sílẹ̀, ó pòṣé. Ó ní lọ́yà yìí kan náà ló bá àwọn àbúrò òun ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, ó gba owó ìdúró nígbà mẹ́fà, kò dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọkùnrin oní-POS tó jókòó lábẹ́ agbòjò ló wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ti ẹni tó gbowó tí kò dúró ṣì sàn, pé àwọn lọ́yà kan ti wà báyìí tí ẹ̀rọ ń bá wọn hun irọ́ tí wọ́n ń gbé síwájú adájọ́. Mo ní irọ́ ni. Mo délé, mo tú u wò. Ẹ gbà mí, òótọ́ ni!

Ọkùnrin kan ló wọ bàálù Avianca lọ sí New York lọ́dún 2019. Ó ní kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ kiri gbá òun lórúnkún. Ó gba lọ́yà. Steven Schwartz tó bá a ṣe iṣẹ́ náà ti lé ní 30 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ òfin, kì í ṣe ọmọ àná. Nígbà tó yẹ kó wá ẹjọ́ àtijọ́ tí yóò fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ChatGPT ló gbà lọ. ChatGPT kó ẹjọ́ sílẹ̀ fún un yàlàyàlà, tòun ti orúkọ olùpẹ̀jọ́, orúkọ adájọ́ àti ohun tí adájọ́ wí. Mẹ́fà nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí láyé yìí. Ṣé ẹ mọ ohun tó wá dùn mí jù? Ó bi ẹ̀rọ náà léèrè pé ṣé òótọ́ ni àwọn ẹjọ́ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì gbà! Òpùrọ́ lẹ bi pé ṣé ó ń parọ́, kí lẹ fẹ́ kó wí?

Ẹnìkejì rẹ̀, Peter LoDuca, ló buwọ́ lùwé náà. Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Kóòtù ní kó kó àwọn ẹjọ́ náà wá kí àwọn rí wọn, ló bá tọrọ àyè, ó ní òun wà ní ìsinmi. Ìsinmi wo? Kò rìnrìn àjò kankan, Schwartz ló rìnrìn àjò. Irọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn lórí irọ́ àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2023, Adájọ́ P. Kevin Castel bu $5,000 lé wọn lórí. Àwọn kan níbí ní owó yẹn kéré, pé owó ilé ọdún kan ní Ikate lè gbé e mì. Ẹ fi owó sílẹ̀. Adájọ́ tún ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí oníbàárà wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí adájọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ìdájọ́ tí kò dá rí. Ẹ fojú inú wò ó, kí àgbàlagbà máa lẹ sítáǹbù mọ́ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ṣíọ̀! Èmi a kú kí n tó kọ ọ́. Òfin kan wà ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, òfin kọkànlá ni wọ́n ń pè é, tó ní bí lọ́yà bá ti buwọ́ lùwé, ó ti sọ pé òun ti wádìí ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Òun ló mú wọn.

A ò tíì pa ẹnu dé lórí ìyẹn tí ti London fi dé. Ẹjọ́ kan ni, sí ìjọba ìbílẹ̀ Haringey, orúkọ Ayinde ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ wo oríkì tiwa, tí àwọn lọ́yà òyìnbó wá ń pè ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kìlọ̀ fún ara wọn! Ẹni tó ni orúkọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni o. Agbẹjọ́rò tó kọ ìwé fún un ló to ẹjọ́ márùn-ún tí kò sí níbì kankan. Kò gbà pé òun mọ̀ọ́mọ̀ lo ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò rí ẹjọ́ náà mú jáde. Kóòtù ní kó san £2,000, kí ilé amòfin tó gbé iṣẹ́ fún un náà san £2,000.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2025, Dame Victoria Sharp àti adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìdájọ́ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ èkejì, níbi tí ẹnìkan ti pe Báńkì Qatar lẹ́jọ́ lórí £89.4 mílíọ̀nù. Ẹjọ́ 45 ni wọ́n tò sínú ìwé, 18 nínú wọn kò sí. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ lọ́yà nìkan ni, à bá ní ó dáa. Oníbàárà ló ṣe ìwádìí náà fúnra rẹ̀, lọ́yà kàn gbé e wọ kóòtù ni! Ṣé ẹ ti rí ẹni tó gbé aṣọ lọ fún télọ̀, tí télọ̀ jókòó tì í, tó ní kó gé e kó sì rán an, kó sì tún san owó iṣẹ́? Kóòtù ní kí wọ́n fi àwọn lọ́yà náà lé ọwọ́ àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ amòfin, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá tún dán irú rẹ̀ wò lè bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Kí a tó fi òyìnbó ṣẹ̀sín, ti ilé ńkọ́?

Ṣé ẹ rántí David Lyon ti Bayelsa? Ọjọ́ kejì ló yẹ kí wọ́n búra fún un ní gómìnà, aṣọ ti wà ní sẹpẹ́, nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ lé òun àti igbákejì rẹ̀ dànù ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2020, nítorí pé orúkọ tó wà lórí àwọn ìwé ẹ̀rí igbákejì náà kò bá ara wọn mu. Ó parí síbẹ̀. Kò sí kóòtù mìíràn lókè ibẹ̀. Àmọ́ wọ́n tún padà lọ bá kóòtù kan náà, pé kó yí ohun tó ti sọ padà. Àwọn wo ló kó ìwé náà lọ? Olóyè Afe Babalola, tó ti pé 90 ọdún nígbà náà, àti Olóyè Wole Olanipekun, tó ti jẹ́ ààrẹ gbogbo lọ́yà Nàìjíríà rí. Àwọn tí à ń fi ṣe àpèjúwe fún ọmọ!

Mi ò bú wọn o. Ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀ burúkú sí àgbà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù kejì yẹn, Adájọ́ Amina Augie ní ó ń ṣe òun bíi kí òun sunkún, pé irú àwọn èèyàn ńlá báyìí ni yóò gbé irú ẹ̀bẹ̀ yẹn wá. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún olùjẹ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, olùjẹ́jọ́ mẹ́ta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 mílíọ̀nù náírà, láti inú àpò ara wọn, kì í ṣe láti inú àpò oníbàárà.

Mégáàdì ilé tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ní wọ́n rán wọn níṣẹ́ ni, pé kí lọ́yà ìbá ṣe? Mo ní bàbá, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àpò ara wọn yẹn gan-an ni mo ń yọ̀ sí. Níbí, bí lọ́yà bá gbé ẹjọ́ radarada lọ tí adájọ́ sì bínú, onílẹ̀ ni wọ́n máa ń bu owó lé. Onílẹ̀ á wá ta pulọ́ọ̀tì kan kó fi san gbèsè ẹjọ́ pulọ́ọ̀tì kejì, lọ́yà á sì wọ mọ́tò rẹ̀ gba Freedom Way lọ.

Àwọn adájọ́ fúnra wọn kò mọ́ tónítóní. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2025, NJC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn adájọ́ Nàìjíríà, ní kí Adájọ́ Jane Inyang ti ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ jókòó sílé fún ọdún kan láìgba owó oṣù. Kí ló ṣe? Nígbà tó ṣì wà ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Uyo, ó pàṣẹ kí wọ́n ta ilé epo ẹni ẹlẹ́ni àti àwọn okòwò rẹ̀ mìíràn, lórí ẹ̀bẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo gbé wá, ẹjọ́ kò sì tíì parí! Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà; ìyá alákàrà tí kò ka ìwé mọ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹjọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ ní Ikate, Jakande títí dé Ajah, ẹ jọ̀ọ́, bí lọ́yà yín bá gbé ìwé wá fún yín, ẹ má kàn wo sítáǹbù. Ẹ ní kó fi ìwé òfin tó ti rí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan tó tò síbẹ̀ hàn yín kó tó gbé e lọ. Bó bá bínú, ẹ gba owó ìdúró yín padà.