Ìjàpá Di Mánéjà Ẹtu

Àlọ́ o! Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá àti Ẹtu.

Ẹtu ń gbé inú igbó kan lẹ́yìn Fìdítì. Eré sísá dùn mọ́ ọn bí oyin. Ìjàpá rí i, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo ni ẹsẹ̀, èmi ni mo ni orí. Jẹ́ n máa ṣe mánéjà rẹ." Ẹtu gbà.

Ẹ má bi mí pé ọdún wo ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Èkó ti bẹ̀rẹ̀ eré ìje kìlómítà 42 tiwọn ní 2016, kí Ìjàpá tó mọ̀ pé owó wà nídìí ẹsẹ̀. Oṣù kejì, ó gbé Ẹtu lọ sí Èkó. Oṣù karùn-ún, ó gbé e lọ sí Okpekpe, eré kìlómítà 10 lórí òkè. Láàárín méjèèjì, Ẹtu sá èyí tí wọ́n fi ṣí ilé epo, ó sá èyí tí olóyè fi ṣe ọjọ́ ìbí.

Owó dé. Ìjàpá pín in sọ́nà mẹ́rin: ti Ẹtu, ti mánéjà, ti ẹni tó gbé Ẹtu débẹ̀, ti ẹni tó ń kọrin fún un. Ìjàpá ni mánéjà, Ìjàpá ló gbé e débẹ̀. Orin ńkọ́? Bí Ẹtu bá ti fẹ́ sùn báyìí, Ìjàpá á dá orin:

Ẹtu, dìde o,
*Kere-ǹ-dò, kere!*
Ẹsẹ̀ rẹ lowó,
*Kere-ǹ-dò, kere!*
Ìje wà lọ́la,
*Kere-ǹ-dò, kere!*
Ọ̀tunla tún wà,
*Kere-ǹ-dò, kere!*

Àgbọ̀nrín àgbà ń kọjá lọ. Ó ní, "Ẹtu, ọmọ Kẹ́ńyà kan wà, Eliud Kipchoge. Ó gba góòlù ní Párís ní 2003, ó tún padà wá sáré ní Párís kan náà ní 2024. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló sábà máa ń sá ti kìlómítà 42. Ìwọ, mélòó lo ti sá látẹ̀ẹ̀rùn?" Ìjàpá ní kí Ẹtu má dá a lóhùn, ó ní ìlara arúgbó ni. (Mi ò bá ẹnì kankan wí o. Ẹ yéé wo ara yín lójú.)

Ó ku ọ̀la kí wọ́n sá eré tí Ẹkùn gbé kalẹ̀, láti Fìdítì dé Ìlọra. Ẹtu dúró lẹ́bàá títì níwájú ìyá ọlọ́sàn. Ìyá ń bó ọsàn. Èèpo rẹ̀ ò já. Ó ń gùn, ó ń lọ́ bírí bírí wọnú agbọ̀n. Ẹtu tẹjú mọ́ èèpo yìí. Ọ̀nà ló rí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀.

Wọ́n tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, kò dùn ún. Wọ́n fọwọ́ kàn án lọ́rùn, kò gbóná.

"Kí ló wá ń ṣe ọ́?"

"Kò wù mí mọ́."

Ìjàpá kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹtu ò mira.

Bẹ́ẹ̀ Ìjàpá ti gba owó ọdún mẹ́ta sílẹ̀ lọ́wọ́ Ẹkùn. Ó ti fi kan páànù sílé Yánníbo ìyàwó rẹ̀, ó ti fi ìyókù jẹ àmàlà. Ẹkùn dé. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo sanwó fún." Ó fi ẹ̀yìn Ìjàpá balẹ̀, ó kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

"Ó pé."

Wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn níkarahun. Àwọn ọmọ Fìdítì tò sẹ́bàá títì:

Ìjàpá, dìde o,
*Kere-ǹ-dò, kere!*
Ẹsẹ̀ rẹ lowó,
*Kere-ǹ-dò, kere!*

Oòrùn wọ̀, Ìjàpá ò tíì kọjá àtẹ ìyá ọlọ́sàn. Ẹtu wà níbẹ̀, ó ń mu ọsàn, ó ń bá wọn gbè é.